Orúkọ Tí Mo Fi Séèfù Ìyá Ṣẹ́gun

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fọwọ́ ara mi tẹ̀ fún yín, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi orí fóònù. Ìka kan péré ni mo fi tẹ̀ ẹ́ o. Títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ara mi ṣì kú, bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé pẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé síìpù, bọ́tìnì, òwú àti láínì tí wọ́n fi ń tẹ́ inú aṣọ ni mò ń tà ní ọjà Agbójú. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Mi ò ní parọ́ fún yín, kíláàsì kẹfà yẹn gan-an, oúnjẹ ọ̀sán ni mò ń tẹ̀ lé lọ. Ọlọ́run ò fún mi níwèé, ó fún mi lẹ́nu.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Nọ́ḿbà kan tí mi ò mọ̀ ń pè mí ṣáá. Tí mo bá gbé e, ẹni náà ò ní sọ̀rọ̀, á kàn máa mí, bí ewúrẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré. Àǹtí Fúnkẹ́, tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tó kàn mí, ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, pé áàpù kan wà tó máa ń gbé orúkọ ẹni tó ń peni jáde, bí èèyàn ò tiẹ̀ séèfù ẹ̀ rí. Wọ́n gba fóònù mi, wọ́n gbé áàpù náà sí i. Bó ṣe wọlé báyìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè lédè Gẹ̀ẹ́sì. Mo ní kí ló ń wí?

"Tẹ Allow jàre," ni Àǹtí Fúnkẹ́ wí.

Mo tẹ Allow. Òmíràn tún jáde. Mo ní èyí ńkọ́? Wọ́n ní Allow náà ni. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló bi mí, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo gbà. Ọkọ mi fúnra ẹ̀ ò rí irú gbígbà bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ mi rí láti ọjọ́ tó ti gbé mi níyàwó!

Ẹ wá wo ìgbádùn! Ẹni tó ń mí yẹn pè lọ́jọ́ kejì, orúkọ tó jáde ni "Kámọ́rù Púlọ́ńbà". Mo gbé e, mo ní, "Kámọ́rù, ẹ kú iṣẹ́ omi o." Ó já fóònù. Kò pè mọ́ di òní. Ti alága ọjà wa ló wá pa mí lẹ́rìn-ín jù. Wọ́n fi nọ́ḿbà tuntun pè mí nípa owó ìgbálẹ̀, ohun tí mo rí lójú fóònù ni "MÁ GBÉ E". Ẹnì kan ló fi ìyẹn séèfù alága! Èmi àti Àǹtí Fúnkẹ́ rẹ́rìn-ín títí àwọn oníbàárà fi ń béèrè bóyá ara wa yá.

Ẹ dúró ná. Níbo lẹ rò pé áàpù náà ti ń rí àwọn orúkọ yẹn? Èmi ò rò ó. Mo ṣèbí ìjọba ló ń kọ ọ́ fún wọn. Àṣé inú fóònù àwọn tó tẹ Allow bíi tèmi ni wọ́n ti ń kó o. Bí mo ṣe ń fi tiwọn rẹ́rìn-ín, tèmi náà ti bọ́ síta.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bá a ṣe ń séèfù èèyàn lọ́jà wa. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ bàbá ẹnì kankan. Ohun tá a fi ń dá ẹ mọ̀ la ó kọ. Nínú fóònù mi, "Télọ̀ Onírọ́" wà níbẹ̀, "Ìyàwó Pásítọ̀ Ẹ-Dín-In-Kù" wà níbẹ̀. Kì í ṣe ìkà. Kí n lè tètè rí wọn ni.

Ìyá Ṣẹ́gun méjì ni mo wá ní. Ọ̀kan wà ní Ìjẹ̀gùn-Ẹ̀gbá, aṣọ ilé-ìwé ló ń rán. Ìkejì ń gbé ní Festac, ní Fóòtì Áfẹ́niù. Màmá àgbà ni wọ́n, iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu ẹ̀. Rírán aṣọ àwọn ọmọ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn ni wọ́n fi ń najú, lọ́wọ́ mi sì ni wọ́n ti ń ra láínì rẹ̀. Ṣẹ́gun nìkan ni wọ́n bí. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ló kú, àìsàn ọ̀sẹ̀ méjì péré.

Ọ̀sẹ̀ tó kú yẹn ni mo gba nọ́ḿbà Màmá, kí n lè pè kí wọn. Mo fẹ́ séèfù ẹ̀, Ìyá Ṣẹ́gun ti wà níbẹ̀. Ìyá Ṣẹ́gun wo wá ni èyí? Mo kọ ọ́ bí ẹnu mi ṣe ń sọ ọ́ lọ́jà lọ́jọ́ yẹn: "IYA SEGUN TOMO E KU".

Mo kọ ọ́ tán, mo jù ú sápò. Ọdún mẹ́fà, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Tí Màmá bá pè, mò ń rí i, mi ò sì rí i. Ṣé ó yé yín? Ó ti di àmì, bí ojú ilà ara èèyàn.

Ohun tó wá mú ọ̀rọ̀ yìí wúwo nìyí. Lẹ́yìn ikú ọmọ yẹn, gbogbo ayé pa orúkọ dà fún Màmá. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, "Màmá Kọ́ọ̀sì". Ní kólòòsì wọn, láàárín àwọn ará àdúgbò, "Màmá Ilé Aláwọ̀-Ewé". Ẹ̀rù ń ba àwọn èèyàn láti dárúkọ Ṣẹ́gun létí wọn. Èmi ò mọ irú ẹ̀, "Ìyá Ṣẹ́gun, ẹ káàbọ̀" ni mò ń pariwo tí wọ́n bá ti yọ. Wọ́n sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan pé láínì wà ní Festac tó sún mọ́ wọn, pé torí kí wọ́n lè gbọ́ orúkọ yẹn ni wọ́n ṣe ń wọ kẹ̀kẹ́ wá sí Agbójú.

Ọ̀sán Wẹ́sìdeè kan, ọjọ́ tí wọ́n máa ń wá, Màmá dé. Mo kí wọn, wọ́n dáhùn. Wọ́n mú láínì funfun yáàdì mẹ́ta, mo gé e, mo ká a. Wọ́n ò tíì gbà á lọ́wọ́ mi tí wọ́n fi yọ fóònù tiwọn, wọ́n ní kí n gbé tèmi sórí tábìlì. Wọ́n pè mí. A dúró síwájú ara wa, wọ́n ń pè mí.

Fóònù mi ń dún. Ó ń tàn. IYA SEGUN TOMO E KU.

Màmá ń wò ó. Èmi náà ń wò ó. Ẹnikẹ́ni nínú wa ò fọwọ́ kàn án.

Àǹtí Fúnkẹ́ lọgun láti ṣọ́ọ̀bù wọn: "Ìyá Bùkọ́lá, fóònù ẹ ń dún o! Àbí alága ni?"

Ó dún títí ó fi dákẹ́ fúnra ẹ̀.

Màmá ò pariwo. Ì bá sàn kí wọ́n pariwo! Wọ́n ní àwọn pe oníṣòwò gáàsì kan tí àwọn ò pè rí, kó gbé gáàsì wá. Bó ṣe gbé fóònù, ó ní ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ̀yin ni Ìyá Ṣẹ́gun Tọ́mọ Ẹ̀ Kú? Ohun tó rí lójú fóònù ẹ̀ ló kà, kò ní i lọ́kàn. Ó rò pé orúkọ ni.

Mo béèrè bí wọ́n ṣe mọ̀ pé èmi ni. Ẹ wo ìbéèrè ẹnu mi!

"Ta ló tún ń fi Ṣẹ́gun pè mí láyé yìí, Ìyá Bùkọ́lá?"

Wọ́n yí padà, wọ́n lọ. Wọ́n fi láínì sílẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Mi ò sunkún. Oníbàárà tó tẹ̀ lé wọn ní yáàdì mẹ́ta, mo gé méjì fún un. Àǹtí Fúnkẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan nípa ìrìn alága, mo mọ̀ pé ó pani lẹ́rìn-ín, mo tiẹ̀ lanu, ẹ̀rín ò jáde, bí ìgbà téèyàn fẹ́ sín tí kò lè sín. Èmi tí mo máa ń rẹ́rìn-ín níbi òkú!

Mo yọ áàpù náà dànù lójú ẹsẹ̀. Mo ní ó tán. Àǹtí Fúnkẹ́ fi nọ́ḿbà Màmá wò ó lórí tiwọn, orúkọ yẹn jókòó síbẹ̀ bí onílé. Wọ́n ní ẹyin lohùn, tó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èyí tèmi ò fọ́ o. Ó ń rìn kiri ni, láti fóònù dé fóònù.

Wẹ́sìdeè méjì kọjá, Màmá ò wá. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn, mo ki láínì wọn bọ báàgì, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Fóòtì Áfẹ́niù. Àwọn fúnra wọn ló ṣílẹ̀kùn. Aṣọ akọrin wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, gígé aṣọ wà nílẹ̀ káàkiri. Mo kúnlẹ̀.

"Dìde," ni wọ́n wí, "orí ọrùn aṣọ àwọn ọmọ lo kúnlẹ̀ sí."

Mo dìde. Mo tọrọ àforíjì. Wọn ò sọ pé àwọn gbà, wọn ò sì sọ pé àwọn ò gbà. Wọ́n ní kí n sọ gbogbo ohun tí mo tẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń jẹ́rìí níwájú adájọ́. Mo ní mi ò mọ ohun tó wà níbẹ̀, Allow ṣáá ni mo tẹ̀. Wọ́n fi awò sójú, wọ́n ṣí ojúewé àdéhùn àwọn oníáàpù náà lórí fóònù tiwọn. Ẹni tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ka fáìlì ìjọba, ṣé ìyẹn lẹ rò pé ó máa fo ìlà kan? Wọ́n ń kà á, wọ́n ń túmọ̀ ẹ̀ fún mi, tí wọ́n fi dé ibì kan tí wọ́n dúró.

Wọ́n ní ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá gbà kí áàpù wo inú fóònù òun ti jẹ́rìí pé òun gbàyè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí nọ́ḿbà wọn wà níbẹ̀.

Wọ́n bọ́ awò. "Ìyá Bùkọ́lá, ṣé o gbàyè lọ́wọ́ mi?"

"Rárá, mà."

"O ti sọ fún wọn pé o gbà á."

Ẹnu tí Ọlọ́run fún mi dípò ìwé ni mo fi béèrè bóyá èèyàn lè gbà á padà.

Màmá wá rí ibi téèyàn ti lè ní kí wọ́n yọ nọ́ḿbà òun kúrò. Wọ́n kọ nọ́ḿbà sí i. Áàpù béèrè ìdí, ó to èsì sílẹ̀ kéèyàn mú ọ̀kan. Àkọ́kọ́ ni "orúkọ náà kò tọ̀nà". Ìka Màmá dúró lórí ìyẹn.

"Ó tọ̀nà," ni wọ́n wí, jẹ́jẹ́. "Ọmọ mi kú lóòótọ́."

Wọ́n kọjá ẹ̀. Wọ́n mú "ìdí mìíràn", àyè ìkọ̀wé sì ṣí. Mo rò pé ẹni tó ti kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ ìjọba máa kọ ọ́ dé ìsàlẹ̀ ilẹ̀. Gbólóhùn kan ni wọ́n kọ, wọ́n sì kà á sí mi létí: "Ẹnikẹ́ni ò bi mí."

Wọ́n fi ránṣẹ́. Áàpù dáhùn kíá. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún èrò wọn, ó ní wọ́n á gbé e yẹ̀ wò, ó wá ní kí wọ́n jọ̀ọ́ sọ bí wọ́n ṣe gbádùn ìtọ́jú tó: ìràwọ̀ mélòó? Màmá wo ìràwọ̀ márààrún, wọ́n pa fóònù.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n nawọ́ gba fóònù tèmi. Wọ́n fi hàn mí ibi tí mo ti lè rí gbogbo áàpù tó ń wo inú rẹ̀, àti bí wọ́n ṣe ń tì í. Àní áàpù iná tọ́ọ̀ṣì kan wà níbẹ̀ tó ń wo orúkọ èèyàn! Kí ni tọ́ọ̀ṣì fẹ́ fi orúkọ Télọ̀ Onírọ́ ṣe? Wọ́n tì í. Wọ́n wá lọ sídìí nọ́ḿbà tiwọn, wọ́n pa ohun tí mo kọ rẹ́ láti ẹ̀yìn, lẹ́tà kan, lẹ́tà kan. Nígbà tó ku IYA SEGUN, wọ́n dúró. Wọn ò fi nǹkan kan kún un. Wọ́n ní kí èyí tó wà ní Ìjẹ̀gùn-Ẹ̀gbá lọ wá àlàjẹ́ tiẹ̀.

Mo béèrè orúkọ tí wọ́n fi séèfù mi. Wọ́n fi hàn mí: "Síìpù Agbójú". Ẹ gbọ́, lẹ́yìn gbogbo ọdún yìí! Mo rò pé màá rẹ́rìn-ín. Ó kù díẹ̀.

Wọ́n gba láínì wọn.

Títí di àná, orúkọ yẹn ṣì ń jáde lórí fóònù Àǹtí Fúnkẹ́. Àwọn oníáàpù náà ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ò pọ̀: inú fóònù mi kì í ṣe ilé mi nìkan, èèyàn pọ̀ níbẹ̀ tí kò sẹ́ni tó bi wọ́n. Ẹ̀yin náà, ẹ ṣí tiyín wò báyìí, kẹ́ ẹ tó tẹ Allow mìíràn. Irú orúkọ wo lẹ fi kọ ẹni tó fẹ́ràn yín? Ta ni irú eléyìí ti ṣẹlẹ̀ sí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, mò ń kà á, bó tiẹ̀ jẹ́ pé mò ń kà á díẹ̀díẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, fóònù mi dún lórí tábìlì. IYA SEGUN. Ara mi ṣì kú, àmọ́ mo gbé e. Síìpù funfun ni wọ́n fẹ́.