Ìyanrìn Tí Òòfà Kò Mú

Ìyanrìn náà fò sókè láti inú tíréè, ó sì dúró ṣánṣán lára òòfà bí irun ẹ̀yìn ológbò tó rí ajá. Mo pariwo. Màmá àgbà tó gbé òòfà dání kò rẹ́rìn-ín. Ó rọra fa òòfà yọ kúrò nínú bébà tó fi wé e, ìyanrìn náà sì jábọ́ padà pẹ̀lú ariwo kékeré kan, ṣẹ̀ẹ̀, bí òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lórí ewé.

"O rí i?" ó ní. "Irin wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Iná ló bí i."

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Bákónì rẹ̀ ní Thamesmead, nílùú òyìnbó, la wà, lókè ilé kọnkéré kan tí òjò ọdún pípẹ́ ti fa ìlà dúdú sí lára. Orí wa gan-an ló ń gbé, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní Mọ́mì Òkè. Kì í ṣe ẹbí wa. Ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan náà la jọ ń lọ, nínú gbọ̀ngàn kékeré kan lẹ́yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù Plumstead High Street. Ìyá mi ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé ìtọ́jú, iṣẹ́ ọ̀sán ni wọ́n sì sábà máa ń fún un. Nítorí náà, tí mo bá ti ilé-ìwé dé, òkè ni mò ń gbà lọ.

Ilé rẹ̀ ń rùn fún àbẹ́là, tùràrí, ẹja gbígbẹ, àti ògiri tí kì í gbẹ. Ó ta ọ̀rá sí bákónì kí òjò má baà wọlé. Tí atẹ́gùn bá fẹ́ láti odò, ọ̀rá náà á máa lù pàà, pàà. Abẹ́ ọ̀rá yìí, lórí àpótí kan, ni tíréè náà wà, irú èyí tí a fi ń yan ẹran nínú ààrò. Ìyanrìn dúdú ló wà nínú rẹ̀, kò jìn ju ìka méjì lọ. Ilẹ̀ àánú rẹ̀ nìyẹn.

Nílé lọ́hùn-ún, níbi tí a ti wá, ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun máa ń ní ibi oníyanrìn tí èèyàn ti ń kúnlẹ̀, tí á gbé iwájú orí sílẹ̀, tí á sì bẹ Ọlọ́run. Kápẹ́ẹ̀tì ló wà ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwa. Mọ́mì Òkè ní òun kò lè máa fi kápẹ́ẹ̀tì bẹ Ọlọ́run. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ́ọ̀, á wọ sùtánà rẹ̀, á bọ́ bàtà nínú òtútù, á gbé tíréè náà sílẹ̀, á fi eékún kan sínú rẹ̀, á sì tẹ iwájú orí mọ́ ìyanrìn. Mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kì í gbàdúrà sókè. "Ìyá mi" nìkan ni mo máa ń gbọ́, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà ariwo ọ̀rá.

Bàbá rẹ̀ jẹ́ káfíńtà. Ó kó ìyàwó àti ọmọ kan ṣoṣo lọ sí Fanandopó, erékùṣù tí àwọn àgbà tún ń pè ní Panya, ó sì ń kan pákó tí wọ́n fi ń sá kòkó níbẹ̀. Ibà ló pa ìyá. Wọ́n sin ín sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kan tó kọjú sí òkun. Bàbá gé irun àti èékánná òkú, bí a ti ń ṣe fún ẹni tó kú sí àjò, kí wọ́n lè rí nǹkan sin nílé. Ọmọ náà kò tíì ju ọdún mẹ́jọ lọ, kò sì sẹ́ni tó fún un ní ohunkóhun mú dání. Nígbà tí ọkọ̀ ń dúró dè wọ́n, ó tú ìborùn rẹ̀, ó bu ìyanrìn tó wà nísàlẹ̀ òkè náà sí i, ó sì dì í.

"Mi ò rántí ojú ìyá mi mọ́," ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé iyọ̀ ti tán nílé. "Ìyanrìn yìí ni mo rántí. Tí oòrùn bá pa á lọ́sàn-án, o ò lè tẹ̀ ẹ́. Ìyá mi ló máa ń pọ̀n mí kọjá."

Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti kọ́ ohun tí mo mọ̀. Ó to àkàrà mẹ́rin sórí àwo lọ́jọ́ kan, wọ́n dagun díẹ̀: ńlá, kékeré, oníwọ̀ntúnwọ̀nsì, lẹ́yìn náà ègé kan tí kò tó àtàǹpàkò. Ó gbé ife tíì rẹ̀ tó ń yọ èéfín ka iwájú wọn.

"Kamẹrúùnù nìyí," ó fọwọ́ kan ife. "Òkè oníná ni, ó ṣì ń bínú dòní. Àwọn tó wà nínú omi yìí, iná kan náà ló bí wọn. Fanandopó rèé. Príńsípè rèé, odídẹrẹ́ kún ibẹ̀ bí adìyẹ. Sao Tomé rèé, òkúta kan wà ńbẹ̀ tó nà sókè bí abẹ́rẹ́, ìkùukùu ní ń gba ojú rẹ̀ kọjá. Kékeré ìkẹyìn yìí, Anobọ́ọ̀nù, adágún ló wà lẹ́nu òkè tirẹ̀."

"Ṣé ẹ dé gbogbo ẹ̀, Mọ́mì?"

"Èyí àkọ́kọ́ nìkan. Ẹnu àwọn atukọ̀ ni bàbá mi ti gbọ́ ìyókù. Mú ẹyọ kan jẹ. Má jẹ Fanandopó."

Ó sọ fún mi pé èbúté ìlú ńlá ibẹ̀, ẹnu òkè oníná ni: ẹ̀gbẹ́ kan wó, òkun wọlé, ọkọ̀ wá ń sinmi níbi tí iná ti ń hó rí. Ó ní àwọn Búbí, onílẹ̀ ibẹ̀, a máa ṣe ọdún iṣu bíi tiwa, wọ́n sì ní agogo tí wọ́n fi igi gbẹ́, tí ohùn rẹ̀ ń wá láti inú ìkùukùu kí o tó rí ẹni tó gbé e. Lápá gúúsù, òjò kì í fẹ́ẹ̀ẹ́ dá, omi ń já láti orí òkè sí etíkun, àwọn ìjàpá òkun sì ń gòkè wá yé ẹyin sínú ìyanrìn dúdú. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Ó wá ń pè mí ní Profésọ̀.

Profésọ̀ yìí ló wá di olè.

Ilé-ìwé wa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wa nípa òkè oníná. Olùkọ́ ní kí ẹni tó bá ní nǹkan kan mú un wá.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, díẹ̀ péré. Miss ní ká mú something wá."

"Mú ẹnu rẹ lọ. O ti mọ̀ ọ́n ròyìn ju èmi tí mo débẹ̀."

"Wọn ò ní believe mi."

"Jésù gan-an, wọn ò gbà á gbọ́. Ilẹ̀ àánú kì í lọ school."

Mo dúró dìgbà tó lọ da omi sí ewédú tó ń sè. Mo fi ṣíbí bu ìyanrìn sínú ọ̀rá ìpápánu kan, mo ń bù ú lọ títí ó fi lé ní ìlàjì ohun tó wà nínú tíréè. Díẹ̀ ni mo fẹ́ mú tẹ́lẹ̀. Ojúkòkòrò ló kàn mú mi. Mo tẹ́ ìyókù pẹrẹsẹ kí ó lè dà bíi pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Ní ilé-ìwé, gbogbo kíláàsì yí mi ká. Inú mi dùn débi pé nígbà tí mò ń bọ̀ nílé, mo dúró lórí afárá adágún kan tó wà nítòsí ilé wa, mo tún tú ọ̀rá náà láti wò ó. Òjò ń rọ̀, ọwọ́ mi tutù. Ọ̀rá náà yọ̀. Ó ṣubú sínú omi, ó ṣí, mo sì rí nǹkan dúdú tó tàn bí èéfín lábẹ́ omi kí ó tó rì. Pẹ́pẹ́yẹ funfun ọlọ́rùn gígùn kan wá wo ibẹ̀, ó rò pé búrẹ́dì ni, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ohun tí ọmọ lè rò ni mo rò. Mo bu ìyanrìn láti inú kòtò tí a ti ń fò jìnnà ní ilé-ìwé. Pupa rẹ́súrẹ́sú ni. Lẹ́bàá adágún, àwọn èèyàn máa ń fi tíréè pelebe tí wọ́n fi sun ẹran sílẹ̀ sínú koríko; mo kó èédú inú ọ̀kan, mo fi òkúta lọ̀ ọ́, mo sì pò ó mọ́ ìyanrìn náà títí tó fi dúdú. Ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tí Mọ́mì Òkè ń sùn lórí àga, mo dà á sínú tíréè, mo rò ó pọ̀. Lójú mi, kò sí ìyàtọ̀.

Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ dé. Ó kúnlẹ̀, ó tẹ orí ba. Mo gbọ́ "Ìyá mi", mo gbọ́ ariwo ọ̀rá. Nígbà tó dìde, iwájú orí rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, eékún sùtánà rẹ̀ sì ti di dúdú ribiti.

Ó wo aṣọ náà. Ó fi ìka pa á, ó gbóòórùn ìka rẹ̀.

"Láti ọmọ ọdún mẹ́jọ," ó ní, "ìyanrìn yìí kò pa mí láró rí."

Mo fà sẹ́yìn díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Profésọ̀. Níbo lo gbé ìyókù sí?"

"Ó wà nínú lake, Mọ́mì."

"Lake èwo?"

"Eléyìí tí àwọn swan wà."

Ó jókòó sórí àpótí. "Ìyá mi tí kò mọ̀ wẹ̀," ó ní. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Mo bú sẹ́kún. Ó ní kí n dákẹ́, pé ẹkún ò ní yọ nǹkan nínú omi. Lẹ́yìn náà ó ní: "Gbé òòfà wá."

Inú sípíkà rédíò tó bàjẹ́ ló ti tú òòfà náà yọ, róbótó, ó wúwo. Ó wé e ní bébà. A da ohun inú tíréè sórí ìwé ìròyìn díẹ̀díẹ̀. Òun á gbé òòfà kọjá lórí rẹ̀, ìyanrìn tòótọ́ á fò mọ́ ọn, èédú àti ìyanrìn pupa á dúró sílẹ̀. Èmi á na abọ́ sí i, òun á fa òòfà yọ, ìyanrìn á jábọ́: ṣẹ̀ẹ̀. A tún bẹ̀rẹ̀. Eékún mi kú tipiri. Èédú bò wá lọ́wọ́ dé ìgúnpá. Ní ti èyí tó kù lórí bébà, mo rí àwọn horo wínníwínní kan tí wọ́n ní àwọ̀ ewé, tí wọ́n ń dán.

"Kí lèyí, Mọ́mì?"

Ó súnmọ́ iná, ó wò ó. "Ìgò ni. Inú kòtò tí o ti bù ú ni. Má fi gé ara rẹ lọ́wọ́." Ó fi òòfà kọjá lórí wọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọn kò mira. "Èyí tí kò bá dáhùn, kì í ṣe tiwa. Lọ dà á nù."

Mo ká ìwé ìròyìn náà, mo gbé e lọ sí ihò ìdọ̀tí ní ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn, mo sì dà á síbẹ̀. Mo gbọ́ bó ṣe ń ha ògiri lọ sísàlẹ̀, fún ìgbà pípẹ́.

Ohun tó kù nínú abọ́ kò kún ife tíì. Kò ní bo ìdí tíréè mọ́. Láti ọjọ́ náà, inú àwo kékeré ni ilẹ̀ àánú rẹ̀ wà. Kò lè kúnlẹ̀ sínú rẹ̀ mọ́, iwájú orí nìkan ló ń gbé lé e. Kò sọ fún ìyá mi. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, mo kanlẹ̀kùn rẹ̀ pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Ó ṣílẹ̀kùn, ó ní, "Wọlé, Profésọ̀, ìrẹsì ń tutù." Ó ń fọ sùtánà náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n eékún rẹ̀ kò funfun mọ́ títí ó fi kú.

Ó kú nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ìyá mi ló bá wọn wọ̀ ọ́ láṣọ. Ó fi ìyanrìn inú àwo náà sínú ìborùn, ó sì dì í sọ́wọ́ rẹ̀ nínú pósí. Wọ́n fún mi ní òòfà, torí kò sẹ́ni tó mọ ohun tí a lè fi ṣe.

Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà báyìí. Tí mo bá dé òpin ọ̀nà, tí mo ní ìsinmi díẹ̀, ìwé nípa òkè oníná ni mo máa ń kà. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, mo kàn ń ka ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn. Nínú ọ̀kan nínú wọn ni mo ti rí àwòrán ìyanrìn dúdú tí wọ́n sọ di ńlá. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Horo dúdú tó ní irin wà, òun ni òòfà ń gbé. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà láàárín rẹ̀, tí iná kan náà bí, tí kì í fẹ́ẹ̀ẹ́ mira fún òòfà. Àwọ̀ ewé ni ọ̀kan nínú wọn. Ó ń dán bí ìgò.

Mo pa ìwé náà dé. Èrò ti ń wọlé. Mo wa bọ́ọ̀sì náà gba Plumstead kọjá dé Woolwich, n kò sì lè sọ bí mo ṣe débẹ̀.

Wọ́n ti wó ilé wa báyìí, pẹ̀lú ihò ìdọ̀tí rẹ̀. Òòfà náà wà nínú àpò kóòtù iṣẹ́ mi. Nígbà mìíràn, tí odò bá fà, mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ sí etí omi ní ẹ̀gbẹ́ Dockyard, níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi láyé àtijọ́, mo máa ń fi bébà wé e, mo sì ń gbé e kọjá lórí ẹrẹ̀. Ìpata ìṣó àtijọ́ ló máa ń gbé. Mo máa ń gbọ̀n ọ́n dànù. Lẹ́yìn náà mo máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo máa ń wo èyí tó dúró sílẹ̀, tí kò dáhùn, mo máa ń wò ó pẹ́.