Mùsáfírù Má-rà-á

Àwọn ará Ìbafo kì í pe Mùsáfírù ní orúkọ bàbá rẹ̀. Má-rà-á ni wọ́n ń pè é, kò sì jọ pé ó ń bí i nínú. Ọmọ Ìkirè ni. Iṣẹ́ títì ńlá tó lọ sí Ìbàdàn ló gbé e dé àdúgbò náà. Nígbà tí títì parí, tí àwọn òyìnbó kó ẹrù wọn lọ, òun gba yàrá kan, ó fẹ́ Ayọ̀níkẹ́, ó jókòó síbẹ̀. Ìmọ̀ títún katapílà ṣe tó kọ́ níbẹ̀ kò ṣeé gbé padà sí Ìkirè, nítorí kò sẹ́ni tó ń fi katapílà kọ ebè.

Nígbà tí ètò ọrọ̀-ajé ìjọba tí wọ́n ń pè ní Sáàpù dé, tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ wálẹ̀, apá ọ̀pọ̀ èèyàn kò ká ẹ̀rọ tuntun mọ́. Àlòkù ni wọ́n ń wá, àwọn tó ń tà á sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀dà bo àṣírí irin. Bí ẹni tó fẹ́ rà ṣe ń wá mú Mùsáfírù dání nìyẹn, kó bá wọn yẹ ẹ̀rọ wò.

Kò ní ka ọ̀dà sí rárá. Àtẹ́lẹwọ́ ló kọ́kọ́ máa ń gbé lé ẹ́ńjìnnì. Bó bá ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, á mọ̀ pé wọ́n ti ṣáná sí i kí àlejò tó dé, pé kì í dìde wẹ́rẹ́ láàárọ̀. Á fi ìka kan epo inú rẹ̀: èyí tó bá funfun bí ẹ̀kọ mímu, omi ti wọ ibẹ̀. Á wọ abẹ́ ẹ̀rọ, á fi òòlù kékeré kan ṣéènì ẹsẹ̀ rẹ̀, á máa tẹ́tí sí i. Bó bá jáde, á nu ọwọ́, á ní, “Ẹ má rà á.” Kì í ṣe ìkà. Àwọn ẹ̀rọ náà ló ti kú tán.

Ó pẹ́ kó tó mọ ohun tí àwọn oníbàárà ń fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe. Ó ń kọjá ní Mówè lọ́jọ́ kan ló rí katapílà kan tó ń túgbó, ó sì dá a mọ̀. Ó lọ bá ẹni tó ni ín, Àlàájì Tàjùdéèn.

“Àlàájì, ṣé èyí kọ́ ni mo ní kẹ́ ẹ má rà?”

“Òun náà ni. Bó o ṣe sọ ọ́ lójú ẹni tó ń tà á yẹn, kíá ló já owó wálẹ̀. Ọlọ́run á bù sí i fún ẹ.”

Mùsáfírù ṣe àmín. Nígbà tó délé, ó rò ó fún ìyàwó rẹ̀.

“Bàbá Fàrídà, ṣé wọ́n sanwó iṣẹ́ yín?” ni Ayọ̀níkẹ́ bi í.

“Wọ́n san án.”

“Ó ti parí náà nìyẹn.”

Kò parí nínú Mùsáfírù. Gbogbo èèyàn ló gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́, kò sì sẹ́ni tó tẹ̀ lé e.

Lẹ́yìn iléyá ni Àlàájà Sùwéébátù wá láti Ìfọ̀. Pákó ló ń tà, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ra katapílà tí á máa yá àwọn tó ń ralẹ̀ káàkiri. Wọ́n kọ́kọ́ wo ọ̀kan ní Ìfọ̀ tó ń dán bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti gbóná kí wọ́n tó dé, epo rẹ̀ ti funfun. Mùsáfírù ní kí wọ́n má rà á. Inú Àlàájà dùn, ó ní kí àwọn tún dé Mówè.

Lẹ́yìn ọ̀gẹ̀dẹ̀ nínú ọgbà Adépọ̀jù, tó ń ta àlòkù ní Mówè, ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó ti dógùn-ún, tí adìyẹ ń sàba lórí ìjókòó rẹ̀. Mùsáfírù gbé ọwọ́ lé e: ó tutù. Wọ́n ṣáná sí i, ó jí lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gbé abẹ iwájú rẹ̀ sókè, abẹ dúró gbọn-in, kò rọ̀ wálẹ̀. Ó wo epo, ó kan ṣéènì. Ó tún gbogbo rẹ̀ wò, torí kò gba ara rẹ̀ gbọ́.

“Àlàájà,” ó ní, “ẹ rà á.”

Adépọ̀jù wo Mùsáfírù, ó wo ẹ̀rọ, ó rọra lé adìyẹ kúrò lórí rẹ̀.

“Bí mo ṣe ń wò ó yìí,” ni Adépọ̀jù wí, “mi ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá mo ṣì fẹ́ tà á. Àfi tẹ́ ẹ bá máa san ìlọ́po méjì.”

Àlàájà fa Mùsáfírù sí ẹ̀gbẹ́ kan.

“Èló ló fún ẹ?”

“Ta ni, Àlàájà?”

“Ọkùnrin yìí. Èyí tó ń dán, o ní kí n má rà á. Èyí tí adìyẹ ń sàba lé, o ní kí n rà á. O ò tíì pa ẹnu dé tó fi fowó lé e.”

“Àlàájà, mo fi Ọlọ́run búra…”

“Má fi Ọlọ́run sí i. Mo ti ń ta pákó kó o tó mọ Ìbafo.”

Ẹ̀rọ tó ń dán ni Àlàájà lọ rà. Má-rà-á ní kò dáa, ló wí fún ẹni tó ń tà á, ìyẹn sì dín owó kù. Múdàṣírù, awakọ̀ típà kan, ló ra ti ọgbà Adépọ̀jù. Kò mú ẹnikẹ́ni wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní ó sún mọ́ ilé òun. Ẹ̀rọ náà kò yọ ọ́ lẹ́nu rí.

Ti Àlàájà tú ilẹ̀ kan dé ìdajì lọ́nà Ọ̀fàdà, ó wúkọ́, ó dákẹ́. Àlàájà ránṣẹ́ sí Mùsáfírù. Mùsáfírù lọ, torí irin kò ṣẹ̀ ẹ́. Ó lo ọ̀pọ̀ nínú òjò ọdún náà lábẹ́ ẹ̀rọ yẹn, owó tó sì rí níbẹ̀ ju gbogbo èyí tí ìkìlọ̀ ti mú wọlé fún un lọ. Àlàájà kò ṣahun; ojoojúmọ́ ló ń bu ìrẹsì ránṣẹ́ sí i.

Ọjọ́ tí ẹ̀rọ tún dún, ẹni tó ni ilẹ̀ náà ní òun náà fẹ́ ra ọ̀kan, bóyá ọkùnrin yìí lè bá òun yẹ̀ ẹ́ wò.

“Mùsáfírù?” ni Àlàájà wí. “Mẹkáníìkì gidi ni, irú ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n ká yẹ ẹ̀rọ wò ká tó rà á, ẹ má mú un lọ. Kò mọ̀ ọ́n.”

Mùsáfírù gbọ́ ọ lábẹ́ ẹ̀rọ. Nọ́ọ̀tì kan ṣì kù tí kò le dáadáa. Ó ń dè é lọ.