Kókó Kékeré Tí Wọ́n Rí Láyà Ọmọ Mi

Mo rántí òórùn yàrá tí wọ́n ti ya àwòrán àyà ọmọ mi ní Ìbàdàn, òórùn oògùn tí wọ́n fi nu ilẹ̀, àti òtútù tó mú mi dé egungun bó tilẹ̀ jẹ́ pé òòrùn ń mú ganrínganrín níta. Àkọ́bí mi ni, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń lẹ táìsì ní àwọn ilé tuntun tí wọ́n ń kọ́ káàkiri Olódò. Ọ̀kadà ló gbé e ṣubú bó ṣe ń bọ̀ wálé ní Erunmu, ó fi ìhà ṣánlẹ̀, dókítà sì ní ká ya àwòrán inú àyà rẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá egungun kan ti sẹ́. Wọ́n tì í wọnú ẹ̀rọ ńlá kan tó rí roboto bí ẹnu kànga. Mo dúró lẹ́yìn dígí, mo ń ka àdúrà, egungun nìkan ni mò ń dárúkọ nínú àdúrà náà.

Egungun ìhà kan là díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn kò dẹ́rù bà mí, nítorí egungun ọ̀dọ́ a máa tètè jinná. Ohun tí a kò wá lọ ló dẹ́rù bà mí. Dókítà na ìka sí àmì funfun kan báyìí nínú ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún, ó ní kókó kékeré kan ni, mílímítà mẹ́fà.

Iṣẹ́ ìránṣọ ni mò ń ṣe, aṣọ ilé-ìwé ni mo sì ń rán jù. Nígbà tí mo délé, kí n tó bọ́ bàtà, mo ti fa téèpù mi yọ, mo ka mílímítà mẹ́fà lórí rẹ̀, mo fi èékánná lé e. Kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ. Nínú iṣẹ́ tiwa, bí ohun kan bá kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò wù wá, a ó gé e dànù tàbí ká ká a mọ́ inú. Ti inú àyà ọmọ kò ṣeé gé, kò sì ṣeé ká.

Dókítà náà kò fi nǹkan pamọ́ fún wa. Ó ní púpọ̀ nínú irú kókó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe jẹjẹrẹ, pé ó lè jẹ́ ibi tí àìsàn àtijọ́ kan gbà kọjá tí ẹni náà kò tilẹ̀ mọ̀. Wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò nítorí ikọ́ ife, wọn kò rí nǹkan kan. Ọmọ mi kì í mu sìgá. Dókítà ní kókó náà kéré jù láti fi abẹ́rẹ́ gún, pé ewu gígún un lè ju ewu fífi í sílẹ̀ lọ. Ká dúró fún ìdajì ọdún, ká ya òmíràn, kí wọ́n wá gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí kò bá tóbi sí i, ọkàn wa á balẹ̀ díẹ̀. Bó bá tóbi sí i, wọn á mọ ohun tó kàn.

Mo ní, “Dókítà, kí ni ká máa ṣe títí dìgbà yẹn?”

“Kò sí nǹkan kan, ìyá. Kó máa bo imú tó bá ń gé táìsì. Ẹ dúró.”

Mo rò pé n kò gbọ́ dáadáa, mo tún béèrè. Ohun kan náà ló sọ. Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn, ìdajì ọdún ni wọ́n sì ní kí n fi sùn.

N kò sùn o. Mo di ọlọ́pàá. N kò jẹ́ kó jókòó nítòsí ẹni tó ń sun àgbàdo, n kò jẹ́ kó tan fáànù sí àyà. Bó bá sùn lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, mo máa ń yọ́ lọ gbé etí lé e lẹ́yìn, bí ẹni pé kókó náà máa sọ̀rọ̀. Mo fi àgékù aṣọ ilé-ìwé rán ìbòmú fún un, aláwọ̀ osùn tó ní ilà funfun, mo sì fi okùn rírọ̀ sí i.

Ó dé lọ́jọ́ kan, ó jù ú sórí tábìlì. “Màámi, Púráímárì Wán ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́ báyìí.”

“Kí wọ́n máa pè ọ́. Ìwọ ṣáà bo imú.”

“Ṣé kí n kúkú má mí mọ́ ni?”

“Bó bá ṣeé ṣe.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. Èmi kò mọ̀ pé mo ṣe àwàdà.

Ìyá ọkọ mi ń gbé pẹ̀lú wa, àgbà aládùúrà ni wọ́n. Nínú gbogbo ilé, àwọn nìkan ni kò dà bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Wọ́n gbààwẹ̀. Wọ́n ní kí n gbé àwòrán náà wá kí àwọn ìyá ìjọ gbàdúrà lé e lórí, mo sì kó o fún wọn tayọ̀tayọ̀, òun àti ìwé àlàyé tó wà nínú àpò kan náà. Ó kéré tán, ẹnìkan ń ṣe nǹkan. Mo gbà pé ó ti padà sínú àpótí wọn.

Nígbà tó ku ọ̀la ká padà lọ, mo wọlé tọ̀ wọ́n. “Màmá, ẹ bá mi mú àwòrán yẹn.”

“Àwòrán wo?”

“Ti àyà ọmọ yín.”

“Háà, ìyàwó mi, ìyẹn ti lọ! Mo ti gbé e fún odò.”

Nínú ìjọ wọn, ẹni tó bá lọ wẹ ìwẹ̀ ìwòsàn lódò kì í gbé kànìnkànìn àti aṣọ tó fi wẹ̀ padà wálé. Omi tó ń ṣàn ló ń fi í sílẹ̀ fún, kó gbé àìsàn náà lọ. Màmá rò ó dáadáa, wọ́n rí i pé bébà dúdú yẹn ni aṣọ tí àìsàn náà wọ̀. Wọ́n fi orúnkún tó ń dùn wọ́n rìn dé odò, wọ́n fi í lé ojú omi. “Mo dúró títí n kò fi rí i mọ́,” ni wọ́n wí, ojú wọn ń dán. Ìdúpẹ́ ni wọ́n ń retí. Kí ni ìyàwó ilé fẹ́ sọ fún ìyá ọkọ tó gbààwẹ̀ nítorí ọmọ rẹ̀? Mo kúnlẹ̀. Mo ní, “Ẹ ṣé, Màmá.”

Wọ́n bá wa lọ lọ́jọ́ kejì nínú aṣọ funfun wọn, kí wọ́n lè gbọ́ ẹ̀rí náà. Ibi tí a ti ya ti àkọ́kọ́ ní kọ̀ǹpútà àwọn ti bàjẹ́, gbogbo àwòrán àtijọ́ sì ti bá a lọ. Dókítà wo àwòrán tuntun, ó ní, “Mílímítà méje.”

Mo pariwo. “Mẹ́fà ni tẹ́lẹ̀! Mo fi téèpù wò ó!”

“Mo gbà yín gbọ́, ìyá. Ṣùgbọ́n ẹni méjì lè wọn nǹkan kan náà, kí ọ̀kan pè é ní mẹ́fà, kí èkejì pè é ní méje. Àfi ká gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Níbo ni ti àkọ́kọ́ wà?”

Òótọ́ ló sọ. Bí aránṣọ méjì bá wọn ìbàdí ọmọ kan, ó ṣòro kó bára mu. Ọmọ mi ló yára dáhùn. “Ó sọnù, sà.”

Màmá fà á láṣọ. “Ọkọ mi, ṣé ó ti lọ?”

“Ó kù díẹ̀, Màmá àgbà.”

“Kí ló wá fẹ́ fi àwòrán àkọ́kọ́ ṣe?”

Dókítà kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó fi sùúrù ṣàlàyé fún wọn pé àwòrán àkọ́kọ́ nìkan ni ìbá sọ bóyá kókó náà ń dàgbà. Pé nísinsìnyí, tuntun yìí ló di àkọ́kọ́, ìdúró sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí a ṣe ń padà sílé, ọkọ̀ wa kọjá Olódò. Nígbà náà ni Màmá fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè pé, “Ọkọ mi, ṣé èmi ni mo ṣe é?”

“Rárá o. Ẹ̀yin lẹ gbàdúrà fún mi.”

Mo ń wo ìta.

A ti ya òmíràn lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà. Wọ́n gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kókó náà kò kúrò lójú kan. Inú dókítà dùn, ó ní ká padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n láàárín mẹ́fà àti méje, kò sí ẹ̀dá alààyè tó lè sọ fún mi bóyá ọwọ́ tó wọ̀n ọ́n ló yàtọ̀ ni, àbí ohun náà ló gbéra lẹ́ẹ̀kan. Mo ti bínú sí Màmá rí nínú ọkàn mi, n kò bínú mọ́. Àwa méjèèjì ni wọ́n ní ká máa wòran, Màmá ni kò lè máa wòran.

Mo bí ọmọ yìí, mo wẹ̀ ẹ́, mo pọ̀n ọ́n. Mo mọ gbogbo àpá tó wà lára rẹ̀ àti bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe débẹ̀: ti orúnkún, ti iwájú orí, ti ìgbà tí omi gbígbóná dà sí i lọ́wọ́. Èyí tó wà nínú yìí nìkan ni n kò mọ ìgbà tó dé, n kò sì mọ ohun tó ń rò.