Àpò Tó Ṣófo Lọ́sàn-án

Mo ti ibi iṣẹ́ dé lánàá, ó ti rẹ̀ mí tẹ́nutẹ́nu. Mo ṣí wọ́dúróòbù, òórùn káńfọ̀ gbá mi nímú, ni mo bá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì.

Ní Ketu tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, Daddy mi ń ta agídìgbo, àpótí pákó tí irin pẹlẹbẹ wà lójú ẹ̀. Ẹgbẹ́ orin wọn ń ti ìlú bọ́ sí ìlú. Àpò ìrìn àjò wọn kì í ṣófo mọ́jú. Tí wọ́n bá ti dé, Mummy á fọ aṣọ ẹgbẹ́, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á dá a padà sínú àpò kílẹ̀ tó ṣú. Wọ́n gbà pé bí àpò olórin bá ṣófo, wọn ò ní pè é sóde mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Daddy fẹsẹ̀ rìn wálé láti Ọjọ́ta, agídìgbo lórí, àpò léjìká, ẹrẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Wọ́n jókòó sílẹ̀, wọn ò bọ́ bàtà.

Mummy béèrè pé, “Àwọn tó kù ńkọ́?”

“Kálukú ti gba ilé ẹ̀ lọ.”

Mummy tú àpò náà. Wọ́n kó aṣọ ẹgbẹ́ sínú wọ́dúróòbù, wọ́n ju káńfọ̀ sáàárín ẹ̀.

Mo gbé àpò òfìfo kọ́rùn, mo ń jó yí pálọ̀ ká. “Daddy ò lọ mọ́! Daddy ò lọ mọ́!”

“Mi ò lọ mọ́, ọmọ mi.” Àtàǹpàkò wọn ń ta irin tí kò sí lórí itan wọn.

Ó pẹ́ kó tó yé mi pé ọ̀sán yẹn ni ẹgbẹ́ orin Daddy kú, àti pé èmi nìkan ni mo jó níbi ìsìnkú ẹ̀.