Ẹ Sọ̀ Mí O!

Tí ẹ bá ń wá ẹni tó fẹ́ràn irin ju ìyàwó ẹ̀ lọ ní Thames View ní Lọ́ńdọ̀nù, Akíndúró lẹ ń wá. Nígbà èwe ẹ̀, ó gbé irin nínú ìdíje fún ìpínlẹ̀ Ògùn. Ní báyìí, ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà ní Creekmouth, ikùn ẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ wọlé kí òun tó dé. Síbẹ̀, nínú yàrá ìkẹ́rùsí ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wọn, ó ń fi irin tó ti dípẹtà kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Kò sí ẹ̀rọ, kò sí dígí. Pákó gbọọrọ kan ló wà níbẹ̀, àti èébú.

"Ẹsẹ̀ ẹ̀fọn yìí lo fẹ́ fi gbá góòlù wọlé?"

Lọ́jọ́ kan, Ṣọpẹ́, kápútẹ́nì wọn, ní àwọn ń lọ sí jíìmù tuntun kan ní Becontree Heath.

"No offence, Bàbá. Old-school ni gbogbo èyí, innit."

Níbi iṣẹ́ Akíndúró, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ ẹ̀. Àwọn ọmọ yìí nìkan ló ń pè é ní Bàbá, ó sì fẹ́ràn wọn gan-an. Ló bá na gbalaja sórí pákó.

"Ẹ kó gbogbo irin yẹn sí ọ̀pá! Ẹ wo bí àgbà ṣe ń ṣe é!"

Ó gbé e sókè lóòótọ́. Àmọ́ nígbà tí irin náà sọ̀ kalẹ̀ sí i láyà, ó jókòó síbẹ̀ bí àlejò tó gbóòórùn ọbẹ̀. Akíndúró ké ohun tí ẹlẹ́rù máa ń ké nílé, tí ẹrù bá ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn.

"Ẹ sọ̀ mí! Ẹ sọ̀ mí o!"

Ìlú Ọba ni wọ́n bí àwọn ọmọ yìí sí. Òyìnbó ni etí wọn gbọ́: "Saw me!"

"Yes, Bàbá, we saw you!" Wọ́n pàtẹ́wọ́, ẹnìkan tiẹ̀ ń ya fídíò.

"Ẹ sọ̀ mí!"

"We saw you! Sick! Ẹ gbayì!"

"Help! Ẹ̀yin olódo, help!"

Wọ́n sáré gbé e kúrò. Akíndúró jókòó, ojú tì í débi pé omi fẹ́ bọ́ lójú ẹ̀. Ó ń retí kí wọ́n gbé báàgì wọn, kí wọ́n sì máa lọ. Àmọ́ Ṣọpẹ́ yọ gbogbo irin ẹ̀gbẹ́, ó fi ọ̀pá lásán sílẹ̀.

"Àyà yín ti weak, Bàbá. Thursday, èyí lẹ máa fi start. A máa dúró tì yín."

"Ẹ ò wá lọ sí jíìmù yẹn mọ́?"

"Ká fi yín sílẹ̀ kẹ́ ẹ lọ kú?"

Akíndúró ò dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọdé rí láyé ẹ̀.

"Ẹ ṣé, sà," ló sọ.