Ẹni Tó Gbé Ọtí Wá

Nọ́ọ̀sì fi òwú tó rẹ sínú sípíríìtì nù mí lápá ní Ìkìrun láàárọ̀ òní, òórùn ògógóró bàbá wa ní Òkukù sì ta sí mi nímú.

Nílé wa, ẹni tó bá gbé ọtí wá fún àlejò ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ọdún méjìlá nígbà náà, ni bàbá máa ń rán. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó tọ́ ọ wò fún àlejò mẹ́ta. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un: "Màmá, ẹ rọra o."

Ó wá bá mi lẹ́yìnkùlé, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Ó wù mí kí n sùn, kí n má jí mọ́."

Mo sáré lọ sọ ọ́ fún bàbá àti àwọn àlejò bí ẹni ń ṣàwàdà. Bàbá ní, "Ọtí ló ń sọ̀rọ̀." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú mi nìkan ló ń wò.

Àgbàlagbà mẹ́rin ló jẹ̀bi, mo sì lè dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n èmi ni ẹ̀gbọ́n mi finú hàn.

Ó ṣì wà láàyè, ó ṣì ń mutí. Bí mo bá pè é, tí mo bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kò sí wàhálà?" á ní, "Kò sí."