Sípíríńgì tí Suara Gbé Lọ Bá Ọlọ́pàá

Láti ìgbà tí Bàbá Johnson ti ka ìwé ìròyìn náà sí i létí ni Suara kò ti lè jókòó sójú kan. Á jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, á dìde, á lọ yọjú sí títì, á tún padà. Ó kírun Alásárì lọ́jọ́ náà, kò mọ iye ràkáà tó kí. Ó tún un bẹ̀rẹ̀, ọkàn rẹ̀ tún sá lọ sí ibi páálí sípíríńgì tó wà lábẹ́ tábìlì iṣẹ́.

Ọdún kejì tí àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀ fún alágbádá ni. Agége ni Suara ń gbé, nínú ilé kan tí kò jìnnà sí ojú irin, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù kékeré níwájú ilé náà. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni. Ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àga àti bẹ́ẹ̀dì, ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ká wáyà di sípíríńgì. Ó pẹ́ níbẹ̀ débi pé bó bá ti fi àtàǹpàkò tẹ sípíríńgì, á ti mọ̀ bóyá yóò tọ́jọ́. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà dín òṣìṣẹ́ kù, ó fi owó tí wọ́n fún un ra ẹ̀rọ ìkáwáyà àlòkù, ó dá dúró.

Iṣẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló rò pé òun yóò máa ṣe. Ọláfẹ́mi, ará Èkìtì kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí, ló mú iṣẹ́ mìíràn wá bá a. Ó gbé sípíríńgì kan tó ti dá sí méjì wá, ó ní inú ìbọn afẹ́fẹ́ bàbá òun ni, èyí tí bàbá náà fi ń lé ẹyẹ lóko ìrẹsì. Irú ìbọn bẹ́ẹ̀ kì í lo ẹ̀tù. Wọ́n á tẹ ẹnu rẹ̀ wálẹ̀, sípíríńgì inú rẹ̀ á sún kì. Bí wọ́n bá yìn ín, sípíríńgì náà á ta, á fi afẹ́fẹ́ ti ọta wínníwínní jáde. Bí sípíríńgì bá ti kú, ìbọn di igi lásán.

Suara ká tuntun fún un. Bàbá Ọláfẹ́mi sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn náà sọ fún ẹlòmíràn. Kò pẹ́ tí ẹrù fi bẹ̀rẹ̀ sí í gba pósíọ́fíìsì wá láti Ìkẹ́rẹ́, láti Ọ̀wọ̀, àní láti Ṣakí: sípíríńgì tó dá, awọ tó ti gbó, irin pélébé tó ti jẹ. Suara á tún un ṣe, Sùlíyá ìyàwó rẹ̀ á fi aṣọ wé e, á rán an pa, wọ́n á fi ránṣẹ́ padà. Ọ̀pọ̀ oníbàárà rẹ̀ ni kò mọ̀ lójú. Kò sì sí ẹni tó fi odindi ìbọn ránṣẹ́ sí i rí. Òun náà kò fẹ́ rí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí tí Bàbá Johnson, akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n jọ ń gbé ilé, fi gbé awò sójú lọ́jọ́ kan, tó ṣí ìwé ìròyìn.

"Suara, o ti gbọ́? Àwọn ọlọ́pàá ń rán aráyé létí òfin ìbọn. Ìbọn afẹ́fẹ́ náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ní i, kó gba láísẹ́ǹsì. Ẹni tí kò bá gbàṣẹ, kò gbọdọ̀ tún un ṣe."

"Èmi kì í tún ìbọn ṣe, Bàbá. Sípíríńgì ni mò ń ká."

"Sípíríńgì kí ni?"

"Sípíríńgì náà ni, Bàbá."

"Bí adájọ́ bá bi ọ́, wàá ní ti bẹ́ẹ̀dì ni? Bẹ́ẹ̀dì wo ló ń pa ẹyẹ?"

Sùlíyá tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn gbójú sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má pa ọkọ mi sí mi lọ́rùn. Ẹ wò ó, ó ti ń rìn kiri bí adìyẹ tó fẹ́ yé."

Ó fẹ́ kí Suara dá iṣẹ́ náà dúró wọ́ọ́rọ́wọ́, kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Bàbá Johnson ní kó lọ béèrè àṣẹ, kọ́kàn rẹ̀ lè balẹ̀. Suara rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Bó bá dá a dúró, iṣẹ́ bẹ́ẹ̀dì ò pọ̀ tó láti bọ́ ilé mọ́. Bó bá ń ṣe é lọ, gbogbo ẹni tó bá kanlẹ̀kùn ni yóò máa rò pé ọlọ́pàá ni. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ní òun ń lọ sí Ìkẹjà.

Láàárín àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ irú tirẹ̀, kò sẹ́ni tó ń wá ojúrere ọ̀gá lọ́wọ́ òfo. Télọ̀ á gbé ṣẹ́ẹ̀tì dání, káfíńtà á gbé àpótí ìjókòó. Nígbà èwe, sípíríńgì kan tí Suara ká nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ nílé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló mú kí wọ́n gbà á síṣẹ́ níbẹ̀. Nítorí náà, bó ti wọ dàńṣíkí tó mọ́, ó yan èyí tó dára jù nínú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, ó fi epo nù ún, ó wé e sínú ìnura funfun. Sùlíyá tó tẹ̀lé e rò pé oúnjẹ ló wà níbẹ̀.

Ọ̀gá ọlọ́pàá tí wọ́n darí wọn sí, obìnrin kan tó ń jẹ́ Ọládùnní ni, ọmọ Oǹdó, tí kì í yára sọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n jókòó. Suara kò lè jókòó.

"Ìwé àṣẹ ni mo wá tọrọ, ọ̀gá. Láti máa tún nǹkan inú ìbọn afẹ́fẹ́ ṣe."

"Ẹ ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ni, Bàbá?"

Sùlíyá ti kọ́ ọ ní èsì nínú ọkọ̀. "Rárá o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni."

"Ó dáa. Kí ló wà nínú ìnura yẹn?"

Ojú Suara tàn. Ó tú ìnura náà sórí tábìlì bí ẹni tó ń tú ọmọ tuntun. "Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni, ọ̀gá, kẹ́ ẹ lè rí i pé mo..."

Ibẹ̀ ló ti rántí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. Sùlíyá gbé ọwọ́ lérí. Ọlọ́pàá ọ̀dọ́ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín. "Yéè! Bàbá fúnra wọn ló gbé ẹ̀rí wá! Ó ku kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ra wọn."

"Ṣínà, dákẹ́," ni ọ̀gá wí. Ó gbé sípíríńgì náà, ó yí i wò. "Bàbá, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Bẹ́ ẹ bá ní ẹ rí i he ni, màá gbà á, ẹ ó máa lọ sílé yín. Bẹ́ ẹ bá ní ẹ̀yin lẹ ṣe é, mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Ta ló ṣe é?"

"Ó he é ni, ọ̀gá!" Sùlíyá ti fa dàńṣíkí ọkọ rẹ̀ láti ẹ̀yìn. "Ẹ̀gbẹ́ ojú irin ló ti he é. Ó máa ń ṣa nǹkan."

Suara wo sípíríńgì náà. Ó wo orí rẹ̀ méjèèjì tó rẹ́ pẹrẹsẹ, tó lè dá dúró lórí tábìlì láìfì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó wo àwọ̀ aró tí iná àti epo ti fi sí i lára. Èékánná rẹ̀ kan ṣì dúdú nítorí rẹ̀.

"Èmi ni mo ṣe é," ló wí.

"Ṣé ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ sọ?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ bi gbogbo Agége, kò sẹ́lòmíràn tó ń rẹ́ orí rẹ̀ báyìí."

Ẹ̀yìn káńtà ni wọ́n fi í sí títí di ìrọ̀lẹ́, ó ń lọ, ó ń bọ̀ láàárín ògiri méjì, títí Bàbá Johnson fi wá gba bélì rẹ̀. Ọ̀gá Ọládùnní ní nítorí pé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi wá, òun yóò kọ̀wé béèrè àṣẹ náà fún un lọ́dọ̀ àwọn tó ju òun lọ, òun kò sì ní gbé e lọ sí kóòtù. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́ ìbọn mọ́ títí èsì yóò fi dé. Gbogbo èyí tó wà nílé, kó kó o wá. Èyí tó bá tún gba pósíọ́fíìsì wá, kó gbé e wá láìtú u. Kí ẹni tó ni ín mú láísẹ́ǹsì rẹ̀ wá gbà á. Sípíríńgì ti orí tábìlì ń kọ́? Ó wọ inú dúrọ́ọ̀.

Báyìí ni Suara ṣe di ẹni tó ń gbé ẹrù láti pósíọ́fíìsì lọ sí ọ́fíìsì ọlọ́pàá. "Ẹ̀yin èèyàn, pósímáàsítà dé!" ni Ṣínà máa ń pariwo bó bá ti rí i. Bàbá Johnson bá a kọ lẹ́tà sí àwọn oníbàárà. Ará Ọ̀wọ̀ kan dá a lóhùn pé olè ni. Ará Ṣakí ní kó fi nǹkan òun ránṣẹ́, àti pé òun kò fi ẹsẹ̀ òun tẹ ọ́fíìsì ọlọ́pàá láéláé. Bàbá Ọláfẹ́mi nìkan ló wá, pẹ̀lú láísẹ́ǹsì tó ti gbà láti ayé òyìnbó. Nínú ilé, Sùlíyá kò bá a jà, ṣùgbọ́n nígbà tí ọbẹ̀ bá ṣàn nítorí àìsówó, á ní, "Ẹni tó rẹ́ orí sípíríńgì ló ni ọbẹ̀ yìí o." Bí alùpùpù kan bá dúró níwájú ilé, Suara á dìde.

Òjò ti wọlé kó tó gbọ́ èsì àṣẹ náà. Ọ̀gá Ọládùnní ní kó jókòó. Lọ́jọ́ yìí, ó jókòó.

"Wọn ò fún yín, Bàbá. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù bíi tiyín kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń tún ìbọn ṣe. Ẹ padà sídìí bẹ́ẹ̀dì yín."

Suara mí kanlẹ̀. "Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kí n gba sípíríńgì mi, kí n máa lọ."

"Ẹ̀rí ni."

"Ẹ̀rí kí ni? Ẹ ò pè mí lẹ́jọ́."

Ọ̀gá ronú sí i. "Òótọ́ ni. Kì í wá ṣe ẹ̀rí mọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan ìbọn ṣì ni. Ẹ ò láṣẹ, mi ò lè fi lé yín lọ́wọ́."

"Ó ti wá di ti ta ni báyìí?"

"Ti dúrọ́ọ̀ ni."

Ṣínà rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà. Suara kò bínú. "Ọ̀gá, ó ti pẹ́ níbẹ̀, ọ̀rinrin sì pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó bóyá ó ṣì ń ta."

Ọ̀gá ṣí dúrọ́ọ̀, ó yọ ọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì há a, ó tẹ̀ ẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́ sí i. Sípíríńgì náà yọ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó fò ré tábìlì kọjá, ó gba fìlà lórí Ṣínà, ó sì lu ilẹ̀kùn gbà!

"Yéè, wọ́n yìnbọn fún mi!" ni Ṣínà ké.

Ọ̀gá Ọládùnní rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Suara dìde, ó he sípíríńgì náà nílẹ̀, ó wo orí rẹ̀ méjèèjì, ó fi apá aṣọ nu eruku ara rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e padà sórí tábìlì, sípíríńgì náà sì dúró gbọnin lórí ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dágbére fún wọn, ó sì gba ọ̀nà Agége lọ láti béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń kan bẹ́ẹ̀dì bóyá wọ́n níṣẹ́.